Obìnrin Ló Ń Po Bọ́tà: Bí Àwọn Àgbẹ̀ Olówàrà Ṣe Là Á Já ní Pápá Minnesota

  

Ẹ jẹ́ kí n fi ìbéèrè kan bẹ̀rẹ̀. Bí ẹnì kan bá ń fi omi lú ọjà, ta ló ń gba àdánù ẹ̀ jù? Ọ̀pọ̀ nínú yín á ní oníbàárà ni. Òótọ́ ni, oníbàárà gba tiẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó gba àdánù jù ni ẹni tó ń ta ojúlówó lẹ́gbẹ̀ẹ́ alábùlà, torí iye kan náà ni wọ́n máa san fún àwọn méjèèjì. Ẹni tó lú ọjà á jèrè, ẹni tó ṣe òótọ́ á máa wo ojú ọ̀run.

Ọ̀rọ̀ yìí ló mú kí n kọ ìtàn àwọn àgbẹ̀ olówàrà kan tó ṣí lọ sí Amẹ́ríkà láyé àtijọ́. Ẹ má wò ó pé kí ló kàn wá kan màlúù òyìnbó. Ẹ kà á dé ìparí, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ wa ni.

ÀWỌN WO NI WỌ́N?

Àwọn ènìyàn yìí wá láti Jámánì, Nọ́wè, Súwídìn àti Dẹ́ńmáàkì. Tálákà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ilẹ̀ bàbá wọn kéré, àwọn ọmọ pọ̀, wọ́n pín ilẹ̀ títí kò fi kù ohun tí ẹnì kan lè fi jẹun. Ni wọ́n bá wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Amẹ́ríkà. Ibi tí ọ̀pọ̀ nínú wọn dé ni ìpínlẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Minnesota, lápá àríwá, níbi tí òtútù ti ń pa ènìyàn.

Ní ọdún 1862, ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin kan pé ẹni tó bá fẹ́ lè gba ilẹ̀ tó tó 160 éékà. Owó ìwé díẹ̀ ló máa san. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ gbé orí ilẹ̀ náà fún ọdún 5, kó kọ́lé sí i, kó sì dáko níbẹ̀. Àjèjì pàápàá lè gbà á, bó bá ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun fẹ́ di ọmọ ilẹ̀ náà. Obìnrin tí kò lọ́kọ tàbí tó jẹ́ opó náà lè gbà á ní orúkọ ara ẹ̀. Ẹ rántí ìyẹn o, a ó padà sí ọ̀rọ̀ orúkọ obìnrin.

Àmọ́ ilẹ̀ ò ṣàìní ẹni tó ni ín. Àwọn ará Dakota ló ni ilẹ̀ yẹn láti ayébáyé. Ní 1851 wọ́n fi ìwé àdéhùn gba púpọ̀ nínú ilẹ̀ wọn, owó tí wọ́n sì ní àwọn máa san, ó ń pẹ́ kó tó dé, òmíràn kò dé ọwọ́ wọn rárá. Ebi dé. Ogun bẹ́ sílẹ̀ ní 1862, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ló bá a lọ, ti àwọn olóko àti ti àwọn ará Dakota. Nígbà tó parí, wọ́n yẹgi fún ọkùnrin Dakota 38 lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ní December 1862, ní ìlú Mankato. Lẹ́yìn náà wọ́n lé àwọn yòókù jáde ní Minnesota. Kò yẹ ká sọ ìtàn ẹni tó jèrè oko ká gbàgbé ẹni tó pàdánù ilẹ̀.

ILÉ ERÙPẸ̀ ÀTI ÒTÚTÙ

Ilẹ̀ ibẹ̀, pápá koríko tó lọ salalu ni. Lápá ìwọ̀ oòrùn ẹ̀, ènìyàn lè rìn láti àárọ̀ di ọ̀sán kó má rí igi kan. Bí kò bá sí igi, kí lèèyàn á fi kọ́lé? Erùpẹ̀ náà ni. Wọ́n á fi ohun ìtúlẹ̀ onírin gé ilẹ̀ tòun ti gbòǹgbò koríko ẹ̀, bí ẹni gé búlọ́ọ̀kù, wọ́n á tò ó léra wọn. Ilé náà máa ń móoru nígbà òtútù, ó sì máa ń tutù nígbà ooru. Ṣùgbọ́n tí òjò bá rọ̀, òrùlé á máa jò, ẹrẹ̀ á máa kán sínú ọbẹ̀. Ejò àti eku a máa yọ lára ògiri.

Igi ìdáná ńkọ́? Kò sí. Koríko gbígbẹ ni wọ́n ń lọ́ bí okùn, tí wọ́n ń kì sínú ààrò. Òmíràn ń dá iná pẹ̀lú ìgbẹ́ màlúù tó ti gbẹ. Iná yìí náà tún jẹ́ ọ̀tá, torí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn iná a máa ran pápá, afẹ́fẹ́ á gbé e, kò sóhun tó lè dá a dúró. Ìdí nìyẹn tí olúkúlùkù fi ń tu ilẹ̀ yí ilé ẹ̀ ká, kí iná má bàa rí koríko jẹ dé ẹnu ọ̀nà.

Òtútù wá ńkọ́? Yìnyín máa ń bọ́, afẹ́fẹ́ á máa gbé e, ènìyàn ò ní rí ọwọ́ ara ẹ̀. Àwọn kan máa ń so okùn láti ẹnu ọ̀nà ilé dé ilé màlúù. Okùn yẹn ni wọ́n máa dì mú lọ fún wàrà, òun náà ni wọ́n máa dì mú padà. Ẹni tí okùn bá bọ́ mọ́ lọ́wọ́ lè kú sí ẹ̀gbẹ́ ilé ara ẹ̀. Ní ọjọ́ 12 January 1888, ìjì yìnyín kan já lu àwọn ará pápá Minnesota, Dakota àti Nebraska lójijì. Àárọ̀ ọjọ́ náà móoru díẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ ló lọ sílé ìwé láì wọ ẹ̀wù tó nípọn. Ó lé ní 200 ènìyàn tó kú, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọmọdé tó ń bọ̀ láti ilé ìwé.

ÀLÌKÁMÀ JÁ WỌN KULẸ̀

Kì í ṣe màlúù ni wọ́n kọ́kọ́ gbójú lé. Àlìkámà ni. Òun ni wọ́n fi ń ṣe ìyẹ̀fun búrẹ́dì. Ọdún díẹ̀ àkọ́kọ́ dára, gbogbo ènìyàn ń gbin nǹkan kan náà. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe ń rí. Bí gbogbo ìsọ̀ bá ń ta nǹkan kan ṣoṣo, owó ẹ̀ á já. Ilẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá, torí ohun kan náà ni wọ́n ń gbìn sí i lọ́dọọdún, wọn ò dá nǹkan kan padà fún un.

Ìgbà tó di 1873, eéṣú dé. Wọ́n ṣú bo ojú ọ̀run bí ìkúukùu, wọ́n sì jẹ oko títí kò fi ku ewé. Ọdún 5 gbáko ni wọ́n fi ń dà wọ́n láàmú, láti 1873 di 1877. Ẹni tó yá owó ra irúgbìn, eéṣú jẹ irúgbìn, gbèsè kò bá eéṣú lọ.

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti rí i pé ẹni tó ní màlúù méjì tàbí mẹ́ta lẹ́yìnkùlé kò kú pátápátá. Àlìkámà ń mówó wá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Wàrà ń mówó wá lójoojúmọ́. Ìgbẹ́ màlúù sì ń sọ ilẹ̀ dọ̀tun. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n yí padà sí iṣẹ́ wàrà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí kò ní ọjọ́ ìsinmi ni o. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni wọ́n gbọ́dọ̀ fún wàrà, ní àárọ̀ kùtù àti ní ìrọ̀lẹ́. Màlúù kò mọ ọjọ́ Àìkú, kò mọ ọjọ́ ìgbéyàwó, kò mọ pé ara ìyá kò yá.

ẸNI TÓ FI SÙÚRÙ SIN IRÚGBÌN

Ìṣòro tó kù ni oúnjẹ màlúù. Nígbà òtútù, koríko ò sí níta fún oṣù mélòó kan. Bí màlúù kò bá jẹun, wàrà á gbẹ.

Ọkùnrin ará Jámánì kan wà tí orúkọ ẹ̀ ń jẹ́ Wendelin Grimm. Ọdún 1857 ló dé Carver County ní Minnesota, òun àti ìyàwó ẹ̀ Juliana pẹ̀lú àwọn ọmọ. Nínú ẹrù ẹ̀, ó gbé àpò kékeré kan tí irúgbìn koríko wà nínú ẹ̀. Ìwọ̀n ẹ̀ kò tó kílò 10. Alfalfa ni koríko náà. Màlúù fẹ́ràn ẹ̀, ó ń mú wàrà pọ̀, gbòǹgbò ẹ̀ sì ń wọlẹ̀ jìn. Ẹ̀ẹ̀kan lènìyàn ń gbìn ín, á máa hù padà lọ́dọọdún. Ìdí nìyẹn tí Grimm fi ń pè é ní koríko ayérayé.

Ó gbìn ín ní 1858. Òtútù dé, ó pa púpọ̀ nínú ẹ̀. Díẹ̀ tó yè, ó ká èso ẹ̀, ó tún gbìn ín. Òtútù tún pa òmíràn. Ó tún ká èso èyí tó yè. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kò mọ ohunkóhun nípa ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì, ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣe nìyẹn. Èyí tí kò lè fara da òtútù kú, èyí tó lè fara dà á ló ń bímọ. Nígbà tó yá, kò sí òtútù Minnesota tó tún lè pa koríko ẹ̀ tán. Lọ́dún tí àgbàdo kò ṣe dáadáa, màlúù ẹ̀ ṣì ń sanra, àwọn aládùúgbò ń ṣe kàyéfì.

Grimm kú ní 1890. Nǹkan bíi ọdún 10 lẹ́yìn ikú ẹ̀ ni ẹnì kan láti àdúgbò náà, Arthur Lyman, pe àkíyèsí ilé ẹ̀kọ́ gíga Minnesota sí i. Wọ́n dán an wò, wọ́n rí i pé òótọ́ ni. Irúgbìn Grimm wá tàn káàkiri pápá, dé ìpínlẹ̀ Dakota àti Montana, títí dé Kánádà. Ní 1924 wọ́n gbé òkúta ìrántí kalẹ̀ fún un. Owó ńlá tó jáde lára irúgbìn yẹn, kò rí i kó tó kú.

BÍ OBÌNRIN ṢE Ń PO BỌ́TÀ

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé kan ná. Bọ́tà tí à ń rà nínú agolo lọ́jà wa, màgaríìnì ni ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀. Òróró ni wọ́n fi ṣe é. Bọ́tà gidi, inú wàrà màlúù ló ti ń jáde. Ní Amẹ́ríkà, ìjà ńlá ṣẹlẹ̀ lórí ẹ̀, torí àwọn kan ń ta màgaríìnì bí ẹni ń ta bọ́tà. Ní 1886 ìjọba gbé owó orí lé màgaríìnì.

Nínú ọ̀pọ̀ ilé ní pápá, iṣẹ́ obìnrin ni bọ́tà. Bó ṣe ń ṣe é nìyí. Tó bá ti fún wàrà tán, á sẹ́ ẹ, á dà á sínú àwo fẹ̀ǹfẹ̀ kan, á gbé e sí ibi tó tutù di ọjọ́ kejì. Ọ̀rá inú wàrà á léfòó sókè, bí epo ṣe ń léfòó lórí omi. Á fi ṣíbí ré e. Tí ọ̀rá yẹn bá ti pọ̀ tó, á dà á sínú àgbá kan tó ní ọ̀pá, á máa gún un lókè nílẹ̀ títí tí ọ̀rá á fi dì. Á wá fa omi inú ẹ̀ jáde, á fi omi tútù fọ̀ ọ́, á pò ó, á fi iyọ̀ sí i, á kì í sínú ìkòkò. Bí omi kíkan yẹn bá kù sínú ẹ̀, bọ́tà á tètè bàjẹ́.

Ẹ gbọ́ o, kílò bọ́tà kan, ó máa ń gbà tó kílò 20 sí 25 wàrà. Ọmọ lẹ́yìn, ìkòkò lórí iná, òun náà ló tún ń gún bọ́tà.

ỌLỌ́SỌ́Ọ̀BÙ DA DÁADÁA MỌ́ BÚRUKÚ

Tí bọ́tà bá ti tó, á gbé e lọ bá ọlọ́sọ́ọ̀bù ìlú. Ọlọ́sọ́ọ̀bù ò sábà fún un lówó. Á fi ṣúgà, kọfí àti aṣọ dípò ẹ̀. Ibi tó ti ń dunni nìyí. Iye kan náà ló máa ń san fún gbogbo ènìyàn. Obìnrin tí bọ́tà ẹ̀ mọ́ tónítóní àti èyí tí irun màlúù wà nínú tiẹ̀, iye kan náà ni. Kò fẹ́ bínú ẹnikẹ́ni, torí gbogbo wọn ló ń rajà lọ́wọ́ ẹ̀. Á wá da gbogbo ẹ̀ pọ̀ sínú àgbá kan. Tó bá dé ìlú ńlá, wọ́n á ní bọ́tà yìí kò dára, wọ́n á rà á bí ọ̀rá lásán. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹni tó ṣe dáadáa kò rí èrè dáadáa tó ṣe.

Ní 1878, ará Súwídìn kan, Gustaf de Laval, ṣe ẹ̀rọ tó ń yí gan-an tó fi ń ya ọ̀rá kúrò lára wàrà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kò sí pé à ń dúró di ọjọ́ kejì mọ́. Ilé iṣẹ́ bọ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀, àgbẹ̀ á gbé wàrà lọ síbẹ̀, wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á sanwó. Ẹ rí wàhálà mìíràn. Tó bá jẹ́ ìwọ̀n ni wọ́n fi ń sanwó, kí ni onírẹ́jẹ á ṣe? Á bu omi kún un! Òmíràn á ti ré ọ̀rá ẹ̀ kúrò nílé. Ẹni tí màlúù ẹ̀ ń mú wàrà ọlọ́ràá wá, iye kan náà ni pẹ̀lú olómi.

Ọkùnrin kan ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Wisconsin, Stephen Babcock, ló tán ọ̀rọ̀ náà ní 1890. Á bu wàrà díẹ̀ sínú ìgò ọlọ́rùn tẹ́ẹ́rẹ́, á da áásíìdì sí i. Áásíìdì á jẹ gbogbo nǹkan tó kù nínú wàrà àfi ọ̀rá. Á yí ìgò náà kíákíá nínú ẹ̀rọ, á fi omi gbígbóná gbé ọ̀rá gòkè sí ọrùn ìgò, níbi tí wọ́n ti fa ìlà sí. Á kà á. Ó parí. Iye ọ̀rá tó wà níbẹ̀ ni iye tí wàrà ẹ jẹ́. Omi tí o bù sí i kò ní mú owó kankan wá fún ẹ. Babcock ì bá ti gba ìwé àṣẹ kó máa gbowó lọ́wọ́ gbogbo ayé. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó fi sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

WỌ́N KA ORÍ ÈNÌYÀN, WỌN Ò KA ORÍ MÀLÚÙ

Òṣùwọ̀n dé, ṣùgbọ́n ta ló ni ilé iṣẹ́? Tó bá jẹ́ olówó kan ló ni ín, òun ló máa dá iye. Ní Dẹ́ńmáàkì, láti 1882, àwọn àgbẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá ilé iṣẹ́ bọ́tà sílẹ̀ fúnra wọn. Wọ́n jọ yá owó, wọ́n jọ ṣe onídùúró gbèsè náà, wọ́n sì ń fi owó wàrà san án díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ń dìbò, orí ènìyàn ni wọ́n ń kà, wọn ò ka orí màlúù. Ẹni tó ní màlúù 2 àti ẹni tó ní 50, ìbò kọ̀ọ̀kan ni.

Àwọn ará Dẹ́ńmáàkì tó wà ní Clarks Grove, ní Freeborn County ní Minnesota, gbé àṣà yìí wá, wọ́n dá tiwọn sílẹ̀ ní 1890. Ó yọrí sí rere. Olùkọ́ kan ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Minnesota, Theophilus Haecker, rí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ìlú dé ìlú láti sọ fún àwọn mìíràn. Òfin ẹgbẹ́ Clarks Grove di ohun tí àwọn mìíràn ń wò kọ. Ìgbà tó fi máa di nǹkan bíi 1918, ó lé ní 600 irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tó wà ní Minnesota nìkan.

Síbẹ̀, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣì ń dá ta bọ́tà tiẹ̀, àwọn alágbàtà ìlú ńlá sì ń fọwọ́ lalẹ̀. Ní 1921, nǹkan bíi 320 nínú àwọn ẹgbẹ́ náà so ọwọ́ pọ̀. Wọ́n ṣètò bí bọ́tà gbọ́dọ̀ ṣe rí, wọ́n ń san ju ti tẹ́lẹ̀ fún ọ̀rá tí kò tíì kan, wọ́n sì fún bọ́tà wọn lórúkọ kan ṣoṣo, Land O'Lakes. Orúkọ yẹn ṣì wà lọ́jà Amẹ́ríkà títí di òní.

OWÓ OBÌNRIN Ń LỌ SÍBO?

Ibi tó dùn mí nìyí, ẹ̀yin ìyá mi. Nígbà tí obìnrin ń po bọ́tà nílé, owó bọ́tà àti owó ẹyin, ọwọ́ ẹ̀ ló wà. Òun ló fi ń ra bàtà ọmọ, ìwé ọmọ, iyọ̀ àti ọṣẹ. Lọ́dún eéṣú, owó kékeré yẹn ló bọ́ ilé.

Ilé iṣẹ́ dé, ó gba igi àgbá kúrò lọ́wọ́ ẹ̀. Ara tù ú, a ò lè parọ́. Ṣùgbọ́n sọ́wédowó tó ń ti ilé iṣẹ́ wá lóṣooṣù, nínú ọ̀pọ̀ ilé, orúkọ ọkọ ló wà lára ẹ̀. Obìnrin ṣì ń fún wàrà, ó ṣì ń fọ ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ṣùgbọ́n ó di kó máa bèèrè owó tó jẹ́ pé òun náà ló bá wọn pa. Ẹyin àti adìyẹ ló kù fún un. Kò sẹ́ni tó jí owó náà. Ìwé ẹgbẹ́ ni wọ́n kọ tí wọn ò kọ orúkọ ẹ̀ sí i.

KÍ LA RÍ MÚ NÍBẸ̀?

Èkíní, ẹ jẹ́ ká ní òṣùwọ̀n tí gbogbo wa fọwọ́ sí. Kóńgò tí wọ́n lù nídìí kì í ṣe ọgbọ́n, ẹni tó ń ta ojúlówó lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín lẹ ń rẹ́ jẹ.

Èkejì, ọ̀pọ̀ ọwọ́ ló ń gbé ẹrù dé òkè àjà. Clarks Grove kò lówó, wọ́n jọ yá a ni, wọ́n sì jọ san án.

Ẹ̀kẹta, ẹ fi sùúrù sin ohun tó yè lọ́wọ́ yín. Ọjà tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn ọdún burúkú, òun ni irúgbìn.

Ẹ̀kẹrin, tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbé sọ́kàn jù, ẹ wo ìwé yín. Ìwé àjọ, ìwé àjẹṣẹ́kù, ìwé ìsọ̀. Ṣé orúkọ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ náà ló wà níbẹ̀? Ẹni tí ojú ẹ̀ kò tó ìwé kíkà, kó mú un wá bá mi ní ọjọ́ ìpàdé, màá kà á fún un. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ìwé mẹ́fà péré lèmi náà kà.

Ọjà á tà o. A ò ní pàdánù.

Èmi ni akọ̀wé yín.